Àpótí Lẹ́tà Tí Orúkọ Mi Kò Sí Lára Rẹ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń múra àtilọ sí Jámánì. Físà rẹ̀ ti jáde, ó ti ń dágbére kiri àdúgbò wa ní Ìmọ̀wò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó ní, "Àǹtí mi, kóńgò gàrí mélòó ni kí n gbé?" Mo ní mẹ́rin tó o. Ó tún béèrè ẹran gbígbẹ àti pọ̀nmọ́. Mo ní kó má dán an wò, wọn kì í jẹ́ kí ẹran wọlé láti ìta, ibi àyẹ̀wò ni wọ́n ti máa gbà á dànù. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ó ti dé ìkòríta kí n tó rántí pé irú ìbéèrè tí èmi náà bi àwọn àgbà ní 2018 nìyẹn. Gàrí, ẹja, ata gígún, kóòtù. Gbogbo wọn ló dá mi lóhùn dáadáa. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó dárúkọ lẹ́tà fún mi.

Ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ ni mo lò níbẹ̀, ní ìlú kan ní apá ìwọ̀ oòrùn Jámánì, kí n tó padà sí Ìjẹ̀bú-Òde ní 2023. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ lọ, ó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn iṣẹ́ pẹ́pẹ̀pẹ́ ojoojúmọ́: ríra oúnjẹ, dída ilẹ̀ nù, wíwọ ọkọ̀, gbígba lẹ́tà. Nílé wa, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè jẹ́ gbogbo iṣẹ́ yìí kó sì padà wá pẹ̀lú ṣéńjì pé. Àwọn náà ló sọ èmi ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì di ọmọ ọwọ́.

Ìrọ̀lẹ́ Wednesday, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ni mo gúnlẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kejì ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́. Ó fi 50 yúrò sórí tábìlì, ó ní tílẹ̀ bá mọ́ kí n lọ ra ohun tó bá wù mí ní ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà ní ìpẹ̀kun títì. Nínú fìríìjì, ẹyin méjì ló wà, àti wàrà, àti ìgò ata kan. Mo wọ kóòtù, mo jáde. Kò sí ẹnì kankan níta. Ṣọ́ọ̀bù ńlá náà tì. Oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tì. Gbogbo ilé ìtajà tó wà ní títì náà tì pátá, bẹ́ẹ̀ Thursday ni, kì í ṣe Sunday.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni Agẹmọ, òrìṣà tí obìnrin kò gbọ́dọ̀ rí. Obìnrin tí wọ́n bí sí Ìjẹ̀bú mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ tí títì bá dá wáí láàárọ̀: Agẹmọ ń kọjá lọ sí Ìmọ̀sàn, kí obìnrin wọlé, kó tilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ mi ti yí padà sílé kí n tó rántí ibi tí mo wà. Mo jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn títí aago mẹ́ta fi lù tí ọkọ mi dé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Òun alára ló gbàgbé. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá, ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, ìsinmi ni ní ìpínlẹ̀ tí a wà, ẹnikẹ́ni kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù. Tí a bá wọ ọkọ̀ ojú irin dé Berlin lọ́jọ́ náà, wọ́n ń tajà níbẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀.

Ti Sunday wá jẹ́ òfin jákèjádò ilẹ̀ náà. Ilé epo máa ń ṣí, ṣọ́ọ̀bù inú ibùdókọ̀ ojú irin ńlá máa ń ṣí, oníbúrẹ́dì mìíràn á ṣí fún wákàtí díẹ̀ láàárọ̀, ó parí. Ẹni tí iyọ̀ bá tán fún lọ́jọ́ Sunday, kó lọ tọrọ lọ́wọ́ aládùúgbò tàbí kó jẹun àìníyọ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí ata kò sí, ṣé a ó wá pe ìyẹn ní ìṣòro? Ẹni tó bá ń lọ, kó wá kàlẹ́ńdà ọjọ́ ìsinmi ìpínlẹ̀ tó ń lọ, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì.

Ọjà rírà fúnra rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló fi mọ́ mi lára. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń kó ọjà sí, ẹyọ owó yúrò kan lẹ máa tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó tó jáde, ẹ ó sì gbà á padà tí ẹ bá dá kẹ̀kẹ́ sípò. Kí ẹ mú àpò yín láti ilé. Ẹni tó ń gbowó kì í bá yín di ẹrù, á sì máa sáré fi ọjà kọjá lójú ẹ̀rọ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tòmátò mi yí lulẹ̀, àwọn tó tò sẹ́yìn ń mí kanlẹ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n ní Yorùbá. Ọgbọ́n tí mo wá rí ni pé kí n kó gbogbo ẹ̀ padà sínú kẹ̀kẹ́ wuuru, kí n lọ fara balẹ̀ dì í lórí pèpéle tó wà lẹ́bàá fèrèsé.

Òfin sọ pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí èèyàn bá kó wọ ilé, kó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú. Ìwé kan wà tí onílé gbọ́dọ̀ buwọ́ lù pé lóòótọ́ lò ń gbé lọ́dọ̀ òun. Láìsí ìforúkọsílẹ̀ yìí, báńkì lè má dá yín lóhùn, iṣẹ́ kò ní yá. Kí ẹ tó dé ọ́fíìsì náà, ẹ ti gbọ́dọ̀ gba ọjọ́ àdéhùn, ohun tí wọ́n ń pè ní Termin. Mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ tèmi, mo wọlé, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo kí obìnrin tó wà nídìí tábìlì bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé: ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú òtútù o, ilé ńkọ́ o, gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń túmọ̀ láti Yorùbá. Ó dúró kí n parí. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó ní, "Páspọ̀ọ̀tù." Ìwé onílé, mo ti gbàgbé rẹ̀ sílé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà jìn, mo máa mú un wá lọ́la. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín, kò sọ pé mo ṣẹ òun. Ó fún mi ní ọjọ́ mìíràn, ọjọ́ mọ́kànlá sígbà náà.

Mo sunkún nínú ọkọ̀ padà sílé, mo rò pé torí àwọ̀ mi ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo rí ìyẹn náà níbòmíràn lẹ́yìn náà, kò sì farasin. Ṣùgbọ́n tọjọ́ yẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin Jámánì tó wà lẹ́yìn mi, òun náà kò mú ìwé kan wá, wọ́n dá òun náà padà, ó sì lọ láìsọ nǹkan kan. Ìwé ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹnu tí mo fi ń tajà láti kékeré, kò ríṣẹ́ ṣe.

Ti lẹ́tà ló gùn jù.

Nínú páspọ̀ọ̀tù mi, orúkọ bàbá mi ni mo ń jẹ́. Mo ti wà nílé ọkọ nígbà tí mo gbà á, mi ò kàn ráyè yí i padà. Ilé tí a wà, ìdílé mẹ́jọ ló ń gbé inú rẹ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ń jẹ́. Wọn kì í kọ nọ́ńbà yàrá sára lẹ́tà. Orúkọ tó wà lára àpótí lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà ni onílẹ́tà ń wò, orúkọ ọkọ mi nìkan ló sì wà lára tiwa. Onílẹ́tà á dé, á wò ó lọ wò ó bọ̀, kò ní rí mi, á dá a padà. Báńkì fi káàdì ránṣẹ́, ó padà. Wọ́n fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì náà ránṣẹ́ lọ́tọ̀, ó padà. Ìwé tí nọ́ńbà owó orí mi wà nínú rẹ̀, òun náà padà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń dúró, tí mo ń sọ fún ọkọ mi pé àwọn èèyàn yìí kò fẹ́ fún mi ní káàdì. Níkẹyìn mo lọ sí báńkì náà pẹ̀lú ìjà lójú. Ọmọdébìnrin tó dá mi lóhùn yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi, ó fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ kan, ó túmọ̀ rẹ̀: ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí kò sí ní àdírẹ́sì yìí. Èmi tí mo sùn síbẹ̀ mọ́jú! Ní Ìmọ̀wò, tí àlejò bá sọ pé aránṣọ kan lòun ń wá, dúdú, tó máa ń fi ìwọ̀n kọ́rùn lọ sọ́jà, ọmọdé ni yóò fà á lọ́wọ́ dé iwájú mi. Mo délé, mo gé bébà funfun, mo kọ orúkọ mi bó ṣe wà nínú páspọ̀ọ̀tù, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ orúkọ ọkọ mi. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Lẹ́tà wá bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àfi bíi pé mo ṣí ìdídò.

Ní oṣù Kejì 2019, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń rìn lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo sanwó rẹ̀, mo kó o sínú pọ́ọ̀sì, mo wọkọ̀, mo jókòó. Mi ò mọ̀ pé kí n tó jókòó, mo gbọ́dọ̀ ti bọ̀ ọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ kékeré kan kó lu òǹtẹ̀ sí i. Ọ̀dọ́kùnrin méjì tó wọ jákẹ́ẹ̀tì bíi ti gbogbo èèyàn dìde, wọ́n fi káàdì hàn, wọ́n gba tíkẹ́ẹ̀tì mi, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Mo ní mo ti sanwó, ẹ wò ó. Lójú tiwọn, tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní òǹtẹ̀, ẹni tó ni ín lè fi rìn títí ọdún á fi yípo. 60 yúrò ni owó ìtanràn. Wọ́n kọ orúkọ mi, wọ́n fún mi ní bébà kan.

Mi ò sọ fún ọkọ mi. Owó tí a fi ń ra oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni, ojú sì tì mí. Mo ki bébà náà bọ inú páálí bàtà kan tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé lórí ọ̀rọ̀ náà, mo mọ àmì tó wà lára àpòòwé, mi ò ṣí i, inú páálí náà ni mo jù ú sí. Ibẹ̀ ni àṣà burúkú náà ti bẹ̀rẹ̀. Láìpẹ́ kò tún sí ti owó ìtanràn nìkan mọ́, gbogbo ohun tó bá ti gùn tó sì le ni mo ń jù síbẹ̀. Mo máa ń gbọ́ tí ìdérí àpótí lẹ́tà bá dún nísàlẹ̀ láti àjà kejì, inú mi á dà rú. Èdè wọn sì ń dẹ́rù bà mí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo á gùn láti etí bébà dé etí kejì.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn kan náà, àwọn ẹgbẹ́ mi nílé fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé aṣọ Ojúde Ọba ti dé, iye báyìí ni. Mo sanwó kí ilẹ̀ tó ṣú, èmi tí mo mọ̀ pé mi ò ní sí níbẹ̀. Ìyá Alága ló fohùn ránṣẹ́, ó dárúkọ mi, ó ní, "A ń retí tìẹ o." Mo ti rò ó títí: èmi, ohun tó bá ti ẹnu èèyàn jáde nìkan ni mo kà sí gbèsè. Nílé, tí wọ́n bá mú bíìlì iná wá, a máa ń dúró de àwọn tó ń gun òpó. Ìgbà tí wọ́n bá gbé àkàbà dé lọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, a ó bẹ̀ wọ́n, a ó san díẹ̀. Mo ń dúró de àkàbà ní Jámánì.

Kí n tó sọ bó ṣe parí, mo gbọ́dọ̀ sọ ti ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ wa.

Ìyá náà lé ní ọdún 75. Láti ojú fèrèsé rẹ̀ ló ti ń wo garawa ilẹ̀. Ní ilé tiwa, ti yẹ́lò wà fún ọ̀rá àti agolo, búlúù fún bébà, búráùn fún ìyókù oúnjẹ, dúdú fún àwọn tó kù, ìgò sì ní àpótí tirẹ̀ níta, funfun lọ́tọ̀, aláwọ̀ ewé lọ́tọ̀. Èmi ń da gbogbo rẹ̀ sínú èyí tó bá súnmọ́. Lọ́jọ́ Sunday kan, mo kó ìgò lọ jù sínú àpótí ìgò, ariwo rẹ̀ gba àdúgbò. Ìyá náà jáde, ó bá mi wí. Èmi náà fi ìwọ̀nba èdè tí mo ti kọ́ lórí fóònù dá a lóhùn pé kó fi mí sílẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà, ó wọlé. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá kí i, kì í dá mi lóhùn.

Ìgbà tí mo dé kíláàsì èdè ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ méjì sójú pátákó: du àti Sie. Ó ń ṣàlàyé, àwọn ará Bràsíìlì àti Íńdíà ń béèrè ìbéèrè. Èmi ò béèrè nǹkan kan, torí mo ti gbọ́ ọ yé. "O" àti "ẹ" ni. Àwọn èèyàn yìí ní "o", wọ́n sì ní "ẹ" bíi tiwa gẹ́lẹ́, ẹnu Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbé wọ̀lú ló fi í pamọ́ fún mi. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi ń pe ìyá ẹni ọdún 75 ní "o". Èmi tí mo ń kúnlẹ̀ kí ìyá aláta! Mo fọwọ́ bojú ní kíláàsì.

Lọ́jọ́ náà mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀, mo tọrọ àforíjì, mo sì tẹ "Sie" mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó gbọ́, ó mi orí, ó tilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kejì mo bá bébà kan nínú àpótí wa, ọwọ́ arúgbó tó ń gbọ̀n ló fi kọ ọ́: àwọ̀ garawa kọ̀ọ̀kan àti ohun tó ń wọ inú rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni lẹ́tà tí mo ṣí lọ́sẹ̀ náà.

Àwa ló ń sọ pé òyìnbó kì í kíni. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì dókítà wọn kẹ́ ẹ wò ó. Ẹni tó bá wọlé síbi tí àwọn aláìsàn jókòó sí á kí gbogbo ilé, wọ́n á dá a lóhùn, á jókòó, kò tún ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Tó bá ń lọ á tún kí wọn. Èmi tí mo ń bínú pé wọn kì í kíni, mo ti ń wọlé jókòó láìkí ẹnì kankan láti ìgbà tí mo ti dé, torí mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe.

Ní oṣù Kẹsàn-án, àpòòwé yẹ́lò kan dé. Àwọ̀ rẹ̀ dára, bí ìwé ìpè ìgbéyàwó. Nítorí pé ó yàtọ̀, mi ò jù ú sínú páálí, mo fi í sínú àpò ìfàlọ́wọ́ mi pé màá fi han olùkọ́, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ń wá kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, etí rẹ̀ yọ jáde nínú àpò. Ìyá nísàlẹ̀ rí i. Ó fi àpò ọjà rẹ̀ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó fa àpòòwé náà yọ láìtọrọ àyè, ó fi èékánná tọ́ ibì kan lára rẹ̀. Onílẹ́tà ti fi bíró kọ déètì síbẹ̀: 17.9. Ìyá náà na ìka méjì sókè. Ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ó tọ́ka sí aago ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí lójú. Ọjọ́ kẹsàn-án nìyẹn.

Ohun tí mo kọ́ lórí àtẹ̀gùn náà ni pé àpòòwé yẹ́lò kì í ṣe lẹ́tà lásán. Ilé ẹjọ́ tàbí ìjọba ló máa ń fi í ránṣẹ́. Ọjọ́ tí onílẹ́tà bá ti jù ú sínú àpótí tó sì kọ déètì sí i, lójú òfin ẹ ti gbà á, ẹ bá à ṣí i ẹ bá à má ṣí i. Ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti sọ tẹnu yín, ọ̀sẹ̀ méjì ní tèmi, ti ń kà. Ti inú tèmi, àṣẹ ilé ẹjọ́ ni pé kí n san owó ìtanràn náà àti gbogbo ohun tó ti hù lára rẹ̀.

Ìyá náà kọ àdírẹ́sì kan sẹ́yìn rìsíìtì ọjà rẹ̀, ti Caritas, àjọ aláàánú ìjọ Kátólíìkì, níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn àjèjì nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gbé páálí bàtà lọ bó ṣe wà. Obìnrin tó gbà mí níbẹ̀ dà á sórí tábìlì, ó mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan, ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣaa, ṣaa, ṣaa. Mẹ́tàlélógún. Ó pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tó ga jù lọ ni ó rọ́ sínú garawa bébà: ìpolówó ọjà lásán ni. Mo ti ń fi ìpolówó pítísà dẹ́rù ba ara mi.

Ọ̀nà kejì, èsì nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Nínú wọn ni ti owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n wà. Gbogbo ilé ló ń san án, 17.50 yúrò lóṣù nígbà náà (ó ti di 18.36 láti 2021), ilé ìbáà ní tẹlifíṣọ̀n ìbáà má ní. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ilé kan ń san án, ọkọ mi sì ti ń san tiwa. Wọ́n kàn béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló ń san án nínú ilé ni, kí n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Mi ò dáhùn, wọ́n bá forúkọ mi sílẹ̀ bí ẹni tó ń dá gbélé, gbèsè ń gun orí ara wọn. Nọ́ńbà kan ló pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Ọ̀nà kẹta, ẹyọ kan ló wà níbẹ̀, ti 60 yúrò. Ó ti lé ní 200. Obìnrin náà bi mí bóyá mo jẹ̀bi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n má jà á nígbà náà, ó bá mi kọ lẹ́tà pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa san 30 lóṣooṣù. Wọ́n gbà. Ó wá ní kí n lọ sọ fún ọkọ mi kó tó di alẹ́. Mo sọ fún un. Kò pariwo. Ó bi mí pé, "Kí ló dé tí o ò sọ?" Títí di òní mi ò rí èsì gidi fún ìbéèrè yẹn.

Láti ìgbà náà, mo ń ṣí lẹ́tà lórí ìdúró, kí n tó bọ́ bàtà. Mo ń kọ déètì tó dé sórí rẹ̀. Mo rò pé mo ti gbọ́n tán. Ibi tí mo tún ti kọsẹ̀ ni ibi tí kò ti sí lẹ́tà rárá. Fóònù mi, mo ti buwọ́ lùwé ọdún méjì fún un ní oṣù Kejìlá 2018. Mo ń retí kí wọ́n kọ̀wé sí mi pé ó ti parí. Ẹnikẹ́ni kò kọ̀wé. Ó yẹ kí èmi ti kọ̀wé sí wọn ní oṣù mẹ́ta ṣáájú pé mi ò ṣe mọ́. Nítorí pé mo dákẹ́, ó fi ọdún kan kún ara rẹ̀. Wọ́n ti tún òfin náà ṣe láti ìparí 2021. Tí ọdún méjì àkọ́kọ́ bá ti pé, oṣù kan péré ni ẹ ó fi ṣe ìkìlọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kúrò. Síbẹ̀ ẹ̀yin lẹ ó kọ̀wé.

Ti ìgò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ìgò ọlọ́ràá tí omi àti mínírà wà nínú rẹ̀, 25 sẹ́ǹtì owó ìgò wà lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ẹ ó kó o padà sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ á gbé e mì, á pọ rìsíìtì jáde, ẹ ó fi ra nǹkan. Mo máa ń rí bàbá kan tó ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ inú garawa wò lálẹ́, mo ń káàánú rẹ̀ pé orí rẹ̀ ti dà rú. Ìgò tí mo ń jù nù ló ń kó. Mo sì mọ owó ìgò o! Láti kékeré ni ìyá mi ti ń rán mi lọ ra mínírà pẹ̀lú òfìfo ìgò lọ́wọ́.

Àárọ̀ àná, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá gba ṣòkòtò méjì tí mo rán fún un. Mo ní kó lọ gbé páspọ̀ọ̀tù rẹ̀ wá. Òun àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì ni wọ́n jọ máa gbé ilé kan, ẹlòmíràn ló sì gba ilé náà. Mo gé bébà funfun mẹ́ta, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí wọn, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, bó ṣe wà nínú páspọ̀ọ̀tù. Mo yọ sẹ́lótéèpù tí mo fi ń di ọjà, mo kó gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ó wò ó. "Àǹtí, kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe?"

Mo ní kó kó o sínú báàgì tó máa gbé kọ́rùn, kó má kó o mọ́ gàrí.